Ohùn Tó Pè Mí Láti Ẹ̀yìn

Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo wà ní ìlú Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, nígbà tí mo fọwọ́ tọ́ ìbàdí mi wò tí mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Àpò aṣọ tí mo so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró ti lọ. Pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú rẹ̀. Gíríìnì káàdì mi náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn káàdì tó fún mi láyè láti máa gbé ní Amẹ́ríkà. Láìsí i, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà sí Houston, níbi tí mo ti ń gbé láti nǹkan bí ogún ọdún. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bó ṣe parí fún yín, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín padà sẹ́yìn, torí pé ẹ̀rù ọjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Japan.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ń gbé ní Abẹ́òkúta. Àdúgbò àtijọ́ ni. Àwọn ilé amọ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, páànù orí wọn ti dípẹtà, ọ̀nà àárín wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá ru igi bọ̀, ẹlòmíràn á fara ti ògiri kó tó lè kọjá. Iná mọ̀nàmọ́ná lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àtùpà la máa ń tàn, èmi ni wọ́n sì máa ń rán lọ ra kẹrosíìnì. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí n jáde láìjẹ́ pé wọ́n tún un sọ: “Bí ẹnì kan bá pè ọ́ láti ẹ̀yìn nírọ̀lẹ́, má dáhùn, má sì bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ á wá sí iwájú ẹ.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo gbé ìgò kẹrosíìnì dání, mo ń bọ̀ nílé, ni ohùn ọkùnrin kan bá pè mí: “Ìyàwó mi, dúró dè mí.” Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá àdúgbò ṣe máa ń pe àwa ọmọbìnrin kéékèèké, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo yíjú padà tẹ̀ríntẹ̀rín. Mi ò rí ọkùnrin náà rí láyé mi. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, ó ti gbá mi lápá mú, ó sì ti fọwọ́ kejì bò mí lẹ́nu. Bébà tí mo fi dí ẹnu ìgò yọ, kẹrosíìnì dà sí mi lápá, ó dà sí òun náà lọ́wọ́, apá mi sì yọ̀ bọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja. Mo já ara mi gbà, mo sáré, mo ké. Ìyá kan tó ń yan gààrí sáré jáde pẹ̀lú igbá tó fi ń rò ó lọ́wọ́, ọkùnrin náà sì wọ àárín ilé méjì lọ.

Wọn ò rí i mú. Ìyá àgbà fi ọṣẹ wẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ náà, òórùn kẹrosíìnì ò lọ. Wọn ò nà mí. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé, “Ṣé o rí i báyìí?”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí láti ẹ̀yìn tí mo dá lóhùn. Ní Houston, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n yí wá síwájú mi. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Nínú mall, á sáré kọjá mi, á yíjú sí mi, kó tó wá pe, “Mummy!”

Òun náà ló mú mi lọ sí Japan. Ẹnjiníà ni báyìí, ó ń gbé ní Sugar Land, nítòsí Houston. Ó ní mo ti tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn tó, kí n wá lọ gbádùn ara mi. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ó fi àpótí onírin kékeré kan hàn mí lára ògiri.

“Mummy, ẹ kó àwọn ìwé yín síbí. Ó ní lock.”

“Ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mummy, Japan la wà o, kì í ṣe Ọjọ́ta!”

Mo kó àwọn ìwé mi sínú àpò aṣọ olókùn, mo so ó mọ́ ìdí bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe, mo ró ìró lé e, a sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àdúgbò àtijọ́ ni a lọ. Ilé onípákó dúdú ló wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sún mọ́ra bíi ti Abẹ́òkúta, ọ̀nà olókùúta sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin wọn. Wọ́n gbé àtùpà oníbébà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ọmọ mi ní kí n dúró, òun fẹ́ ra tíì nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ìró mi ti ń tú nítorí àtẹ̀gùn tá a gùn, mo bá kọjú sí ògiri, mo tú u, mo tún un ró. Ibẹ̀ ni okùn àpò náà já, mi ò mọ̀.

Mo rìn síwájú díẹ̀. Ni òórùn kẹrosíìnì bá gbá mi nímú. Otútù ti ń mú, ẹnì kan nínú ilé ló tan sítóòfù kẹrosíìnì láti fi yáná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, apá mi ló kọ́kọ́ tutù. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ohùn kan pè láti ẹ̀yìn mi.

Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè. Mo yára rìn. Bàtà ẹni náà ń dún kó, kó, kó lórí òkúta. Ó tún pè. Mo ká ìró sókè, mo sì fẹsẹ̀ fẹ. Bàtà náà sáré tẹ̀lé mi títí mo fi yà sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, tí mo sì fọwọ́ tọ́ ìbàdí mi wò.

Ọmọ mi ló rí mi níbẹ̀. “Mummy, kí lẹ ń sá fún? Ìyá arúgbó kan ló ń tẹ̀lé yín, wọ́n ń na nǹkan kan sókè sí yín!”

Nígbà tá a jáde, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. A wá wọn lọ, a wá wọn bọ̀, títí a fi dé ilé ọlọ́pàá kékeré kan ní orígun òpópónà. Ìyá náà jókòó sórí àga níbẹ̀, wọ́n ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, àpò mi sì wà lórí itan wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọ́n á lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Àwọn náà dìde, wọ́n tẹrí ba. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni wọ́n ń tẹrí ba sí i, títí ọlọ́pàá fi bẹ àwa méjèèjì pé kí á jókòó.

Pásípọ́ọ̀tù ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan ti gorí àpò náà kí ìyá tó mú un nílẹ̀, gíríìnì káàdì sì ti sán gba ojú mi kọjá nínú fọ́tò.

Ẹ̀rù mi ò wá parí síbẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú Houston, ẹ̀rọ ò ka káàdì náà. Wọ́n ní kí ọmọ mi máa lọ, wọ́n mú èmi wọ yàrá inú. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé àwọn tó ń wọ̀lú wò níbẹ̀ yí káàdì síwá sẹ́yìn, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe sán. Ó jẹ́ kí n wọlé nígbẹ̀yìn, ó ní kí n lọ béèrè fún òmíràn kíákíá. Mo béèrè, mo sì ń retí. Oṣù ń gorí oṣù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, àti ti àwọn tí ìjọba ń mú nítorí rẹ̀, ni àwọn èèyàn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ṣíwọ́ gbígba freeway, ìyẹn títì márosẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mò ń wakọ̀ gbà lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn apartment mi ní Humble, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, mi ò ní mí títí wọ́n á fi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣí àpótí lẹ́tà, òfìfo ló wà. Mo ti ń padà lọ sílé, ọkọ̀ òfurufú kan ń kọjá lókè orí mi, ni ohùn ọkùnrin kan bá pè láti ẹ̀yìn: “Ma'am! Ma'am!”

Apá mi tutù. Mo rántí ìyá arúgbó Kyoto, tí wọ́n wọ bàtà yẹn sáré lórí òkúta nítorí mi. Ìyá àgbà ò ṣì mí lọ́nà, ọ̀rọ̀ wọn bá ìgbà wọn mu, ọjọ́ tí mo sì kọ etí dídi sí i ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ. Lóde òní, àwọn ọmọ yín fi nǹkan dí etí méjèèjì, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ẹni tó ń pè wọ́n, fóònù ló ń fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn wọ́n. Àtùpà ti lọ, mo gbọ́ pé wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà ilé wa. Èmi nìkan ni mo ṣì gbé ìgò kẹrosíìnì ọjọ́ náà dání lọ́kàn.

Ní ti bíbojú wẹ̀yìn, mi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò sá. Mo dúró, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà sì yí wá sí iwájú mi, ó na àpò ìwé kan sí mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Káàdì tuntun ló wà nínú rẹ̀.