Àpò Yanrìn Orí Wáyà

"Jẹ́ kó wà lórí wáyà. Má sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó sọ ọ́, ó wọnú jíìpù, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Yésúfù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ní Ìgàndó, lápá ibi ààtàn ńlá, kò sí onímọ́tò tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, òun ni wọ́n ń pè.

Jíìpù náà ti kú kó tó rà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní Ẹgbẹ́dá ló ti rí i, koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ọdún méjì ló fi jí i dìde. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, ọkọ̀ tiyín, ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì yòókù kàn ń bá wọn ṣeré lọ ni. Á sì rẹ́rìn-ín wọn lójú wọn níbẹ̀.

Òun ò fi jíìpù ṣeré ní tiẹ̀. Tí a bá ti inú ẹrẹ̀ dé, a ò ní jẹun, abẹ́ ọkọ̀ la máa kọ́kọ́ wọ̀. A ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. A ó tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ wo ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì, omi ti wọlé nìyẹn, a ó dà á nù, a ó rọ òmíì. A ó ti gírísì bọ gbogbo oríkèé. Kó tó wọ àbàtà, á tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ títí táyà á fi rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Ó ní táyà tó le, sàréè ara rẹ̀ ló ń gbẹ́.

Mo gbàgbé gírísì lẹ́ẹ̀kan. Ó fi sípánà gbá mi léjìká. Ọjọ́ mẹ́ta ni apá yẹn ò fi gbé sókè. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé omi gbígbóná àti aṣọ wá, ó jókòó, ó ń jó o fún mi. 

Iwájú jíìpù ni ẹ̀rọ kan wà tó ń ká wáyà irin. A ó fa wáyà jáde, a ó fi ìkọ́ ẹnu rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ tó rì, ẹ̀rọ á máa ká a padà, ọkọ̀ á máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tó bá ti le, tó bá já, tàbí tí ìkọ́ rẹ̀ bá yọ, kì í jábọ́ sílẹ̀. Ó ń padà wá ni, bíi pàṣán. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn tó ń ri páìpù ṣiṣẹ́ rí nínú igbó. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé kí èèyàn gbé nǹkan wúwo lé àárín wáyà. Bó bá já, ẹrù yẹn á wọ́ ọ lulẹ̀. Àpò ìrẹsì la lò. Yanrìn wà nídìí kan, yanrìn wà nídìí kejì, àárín rẹ̀ ṣófo kó lè gun wáyà bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. A ó pọn omi sí i kó lè wúwo.

Àmọ́ èèyàn Ìgàndó fẹ́ràn ìran. Wọ́n á gbé igbá karí, wọ́n á máa fo wáyà kọjá. Tí a bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á bi wá bóyá bàbá wa ló la ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan wáyà já kí n tó gbé àpò lé e. Ó gé etí ọkùnrin kan tó ń kọjá. Etí náà bọ́ sínú ẹrẹ̀, a wá a títí, a ò rí i. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wa ń wo òun.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ra aṣọ pupa, ó so ó mọ́ àpò yanrìn. Ó rán ìkarahun ìgbín mẹ́ta mọ́ ọn. Ó ki ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó sún mọ́ wáyà mọ́. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n á dúró sí, ẹnu wọn á máa mì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Sọ fún wọn pé wáyà á pa wọ́n, wọ́n á bú ẹ. Fi ààlè hàn wọ́n, wọ́n á kí ẹ kú iṣẹ́."

Èmi àti òun nìkan la mọ̀. Hamdalah ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò mọ̀. Ó ní bí ẹni kẹta bá gbọ́, etí kejì á bọ́.

Adéríbigbé ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ ihò sójú ọ̀nà. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á da ẹrẹ̀ bò ó. Ọkọ̀ á rì, àwọn náà á yọ wá bá wọn tì í, wọ́n á gbowó. Jíìpù wa ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n gún táyà wa. Wọ́n ju ìgò lù wá, ọ̀kan fọ́ sí mi lórí. Nínú oṣù kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi ká Adéríbigbé mọ́ ibi tó ti ń gbẹ́ ihò. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Eyín méjì jáde. Adéríbigbé bẹ̀rẹ̀, ó ṣa eyín rẹ̀, ó fi sápò ṣòkòtò.

Ó ní, "Nǹkan tó o gbé sórí wáyà yẹn ló ń gùn ẹ́, Yésúfù. Màá lọ ṣe tèmi."

"Ṣe dáadáa o," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe jìbìtì."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje, táńkà omi kan rì dé ìbàdí. Òjò ń rọ̀. A fi ìkọ́ kọ́ irin kan nídìí táńkà. Irin náà ti dípẹtà. Ẹ̀gbọ́n mi fi òòlù kàn án, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí ìkọ́ lè mú. Èrò ti pọ̀. Adéríbigbé wà láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó fà mí mọ́ra, ó sọ ohun tó sọ fún mi yẹn. Ó wọnú ọkọ̀.

Àpò ti wà lórí wáyà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Wáyà le, ó ń dún bí oyin. Táńkà mì.

Adéríbigbé bọ́ síwájú. Ó ká ẹ̀wù sókè kí gbogbo èèyàn lè rí ìgbàdí tuntun tó so. Àpò ló ń bọ̀ wá bá.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Yanrìn ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi ti là. Mo wá rántí ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo pariwo pé, "Má fọwọ́ kàn án. Á pa ẹ́."

Ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó kọjú sí èrò, àlàfo eyín rẹ̀ yọ. "Ẹ gbọ́ o. Ó ní á pa mí."

Ó gbé àpò kúrò lórí wáyà, ó jù ú sínú ẹrẹ̀, ó gun orí rẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ń sáré bọ̀, mo ń ju ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó dá ẹ̀rọ dúró. Òjò ti bo gíláàsì.

Irin ìdí táńkà ya.

Mi ò rí wáyà. Mo gbọ́ ọ ni. Ìkọ́ gba gíláàsì wọlé, ó sì gba ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ń tú sórí ìdarí ọkọ̀, ó gbóná. Ẹ̀rọ ṣì ń ká. Mo kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka mi jáde, títí kò fi wò mí mọ́.

A sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ máa ń kírun lórí ìlà kan náà fà mí sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run kó tó kú. Mo ní kí ló ṣe. Ó ní oògùn tó ń lò ni, ó ti yí padà lù ú. Láti Ìkọ̀tún dé Ṣáṣá ni wọ́n ti ń sọ ọ́: oògùn Yésúfù ló pa Yésúfù. Wọ́n ń ra ọtí fún Adéríbigbé.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo gbé àpò náà léjìká, mo mú ọ̀pá jáàkì, mo lọ sí ìsọ̀ tí Adéríbigbé ti ń mutí. Bí wọ́n ṣe rí aṣọ pupa, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tú ká. Òun náà fẹ́ sá. Mo gbá a lórúnkún. Ó ṣubú, mo tún gbá ibẹ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe kán. Mo gun àyà rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ la àpò, mo bu ìkúnwọ́ kan, mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́. Kí lo tọ́ wò?"

Ó ń jà, ó ń tu ú jáde pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo bu ìkúnwọ́ kejì.

"Yanrìn," ó ní. "Yanrìn ni."

Mo sọ ohun tó wà fún. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: pé kì í ṣe oògùn, pé ẹrù lásán ni, kí wáyà má baà pààyàn. Adéríbigbé ló dá mi lóhùn, yanrìn ṣì wà ní ètè rẹ̀.

"Ìwọ lo sọ pé á pa mí."

Mo gbé ọ̀pá sókè. Kò bọ̀ wálẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò fà mí kúrò lórí rẹ̀.

Mo sọ fún Hamdalah nígbà tí mo délé. Ó wo àpò náà títí. Ó ní, "Yanrìn? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbálẹ̀ yí i ká." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ojú bọ inú ìborùn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé oògùn ni, kó gbọ́ èyí náà.

Jíìpù wà lẹ́yìn ilé. Lónìí mo jókòó tì í. Mo tú aṣọ pupa, mo já ìkarahun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkúnwọ́ méjì ló dín nínú àpò. Mo ku yanrìn, mo bu ìkúnwọ́ méjì sí i. Mo fi abẹ́rẹ́ àpò rán ojú ibi tí mo là. Lẹ́yìn náà mo pọn omi, mo rọra ń dà á sí i, títí omi fi ń jáde nídìí rẹ̀.