Bàbà Tó Hù Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo ṣe é.

Ìlú Òsí la wà nígbà náà. Mò ń kọ́ni nílé-ìwé ìjọ, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òkè Ọya. Èmi àti ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, la jọ ń gbélé. Èéyi mú àkọ́bí mi obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Èéyi lọ, ó fi egbò sílẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí ògì bá ki, kò lè gbé e mì; bí mo bá fi omi là á, omi lásán ló ń mu. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo ní, láéláé, ọmọ yìí ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà: bí ọkà bá hù, nǹkan kan ń jáde nínú rẹ̀ tó ń já sítáàṣì, èròjà tó ń mú ògì ki, sí wẹ́wẹ́, kí èhù lè rí i jẹ. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n pè é. Bí a bá po ìyẹ̀fun ọkà bẹ́ẹ̀ mọ́ ògì tó ki, ògì á ṣàn, agbára rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ta ló jẹ́ mú ọkà bàbà hù nínú ìjọ tiwa? Ọlọ́tí ló ń mú bàbà hù, kó lè fi pọntí. Ẹni tí wọ́n bá bá a nílé rẹ̀, ó kúrò nídìí tábìlì Olúwa nìyẹn, bó bá sì jẹ́ tíṣà, kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Yèyé ló tún le jù nínú wọn. Òun ni ìyá ìjọ, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Bó bá gbóòórùn ọtí lára èèyàn lójú ọ̀nà, inú koríko ni yóò gbà kọjá.

Mo rẹ bàbà. Mo dì í sínú àpò tútù, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kẹta ó ti hù. Nígbà tí Yèyé lọ sóko, mo sá a sẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó gbẹ, mo fi ọlọ lọ̀ ọ́. Mo gbé ògì kaná, bó ṣe ń hó ni mo da ìyẹ̀fun náà sí i, mo rò ó, mo rò ó. Pàbó! Ṣe ló tún ki sí i. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, pàbó náà ni. Inú bí mi, mo sọ orógùn mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Yèyé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìka tọ́ ìyẹ̀fun náà wò.

“Bàbà híhù rèé,” ó ní.

“Ẹ lọ sọ fún wọn, Yèyé. Bí ọmọ yìí bá ti yè, kí wọ́n lé mi.”

“Ta ní ń bá ọ jà? Ṣé orí iná lo ti dà á sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí oúnjẹ ọmọ jinná dáadáa.”

“O ti fi iná pa agbára rẹ̀ nìyẹn! Áà, ìyàwó oníwèé!”

Ó se ògì mìíràn, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́ kíá. Ó dúró. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, kò yọ ọ́. “Ibi tí ìka bá ti lè gbà á, ibẹ̀ ni bàbà lè gbà á.” Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, ó rò ó. Kò pẹ́, ògì tú lójú mi! Ó gbé e padà síná kó hó, ó ní kó má baà kan. Ọmọ mu ún tán, ó tún ń wo ife.

“Yèyé, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?”

Kò wojú mi. “Ọlọ́tí ni mí nílùú Koro kí n tó ṣèrìbọmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí.”

Ẹnì kan ti rí bàbà tí mo sá. Lẹ́yìn oṣù kan tí ọmọ ti ń mu ògì náà, àwọn alàgbà ìjọ ránṣẹ́ pè wá. Mo gbé ògì méjì dání, pẹ̀lú áyódíìnì inú àpótí oògùn ilé-ìwé, tó máa ń sọ sítáàṣì di dúdú. Mo kán an sí ògì kíki, ó dúdú. Mo kán an sí tiwa, kò dúdú tó ti àkọ́kọ́. “Sítáàṣì ti di ṣúgà, ẹ̀yin bàbá. Ṣúgà kì í ṣe ọtí!”

“Tíṣà,” ọ̀kan nínú wọn ní, “oògùn egbò lo fi ń wàásù fún wa? Ta ló ni bàbà?”

Mo ti la ẹnu. Yèyé ti dìde.

“Tèmi ni. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó bí ìyàwó yìí.”

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí tábìlì Olúwa, wọ́n sì gba ìjókòó iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ lé itan. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì àwọn tíṣà, mo lọ jókòó tì í. Omi ti lé sí mi lójú.

“Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

“Gbà á,” ó ní, ó gbé ọmọ sí mi lọ́wọ́. “Ó ti wúwo jù fún mi.”