"Alihamudulilahi" Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ fún Ọkọ̀ Mi

Ọkọ̀ tuntun ni mo rà, ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta ni búréèkì rẹ̀ ti ń rì wọlẹ̀ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin kan pè mí láti ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi.

"Àlájà, báwo ni ọkọ̀ yín?"

"Alihamudulilahi," ni mo wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, nìyẹn: a ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ká tó sọ ohun tó ń dùn wá. Kí n tó dé orí búréèkì, ó ti ní "Ẹ ṣé o," ó ti pa fóònù. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti àdúgbò Fate. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Mo yí i sí gọ́tà kí n má baà gbá àwọn tó ń sọdá. Apá ẹ̀gbọ́n mi kán. Títí di òní, bí táyà bá ké, àyà mi á já.

Nígbà tí a dé ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà, máníjà wọn wo kọ̀ǹpútà. "Àlájà, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọkọ̀ tẹ́ yín lọ́rùn. Ó wà níbí."

"Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ búréèkì!"

Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn, rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ apá tèmi náà síbẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an."

Ọ̀dà tó ń dán àti rédíò tó ń dáhùn bí ènìyàn ni wọ́n ń pè ní ojúlówó. Kí ọkọ̀ dúró nígbà tí mo bá ní kó dúró ńkọ́?

Wọ́n gbà á láti tún un ṣe. Nígbà tí mo lọ gbé e, kí n tó fojú kan ọkọ̀ rárá, máníjà na bébà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i pé àtúnṣe náà tẹ́ mi lọ́rùn. Inú bí mi.

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ wà á, kí ẹ tẹ búréèkì. Èmi á dúró lókèèrè."

"Èmi kẹ̀? Àlájà, mo ní ìpàdé."

"Màá dúró dè yín."

Mo jókòó. Ó sú u, ó ní kí mẹkáníìkì wọn wà á. Ọkùnrin náà kò tíì dé géètì tó fi bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ó ṣì ń rì."

Mo ní kí máníjà kọ ìyẹn náà sílẹ̀ lójú mi. Ó kọ ọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.