Imú Maryvonne

Ọdún mọ́kànlélógún ni Maryvonne fi imú ṣiṣẹ́ nílé àwọn Brossillet, létí odò Loire níbí, nílẹ̀ Faransé. Wọn kò bí i sídìí wáìnì, ìyàwó ilé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ni Anselme, baba ọkọ rẹ̀, fa kọ́kọ́rọ́ ihò àpáta tí àgbá wáìnì wà lé lọ́wọ́. Wáìnì funfun wọn kì í ṣe èyí tí à ń kánjú mu; àwọn mìíràn a máa tọ́jú ìgò kan fún ọgbọ̀n ọdún. Àgbá tó bá dára jù nìkan ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé, Maryvonne ló sì ń yàn án.

Ní oṣù kìíní, ọ̀fìnkìn dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ara yá, imú kò yá. Ó gbé kọfí símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la àlùbọ́sà sí méjì, omi bọ́ lójú rẹ̀, òórùn kò sí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí a jọ ń gé ẹ̀ka àjàrà láràárọ̀ gan-an kò mọ̀. Mo kàn ń rí i tó ń bu erùpẹ̀ tútù símú, tó tún ń dà á nù.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó yan àgbá méjì tó máa ń dára lọ́dọọdún, ó fi ẹfun sàmì sí wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó bu ife kan nínú ọ̀kan lára wọn fún Anselme nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Baba gbé e símú, ó sì gbé e kalẹ̀ láìmu.

"Ìyàwó wa, ta lo fẹ́ fi èyí pa?"

"Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín."

"Àwàdà wo? Ọtí kíkan nìyí! Ẹ̀fọ́ tútù ni kí o dà á lé lórí."

Maryvonne fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. "Mi ò gbóòórùn mọ́, Bàbá. Ó ti pé oṣù méjì. Dókítà mẹ́ta ni mo ti rí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí ni mo tún jẹ́ nílé yìí bí imú mi ò bá sí?"

Baba béèrè nǹkan kan ṣoṣo: "Inú èwo lo ti ń bu kún àwọn àgbá yòókù?"

Inú èyí tó ti kan yìí ni; wáìnì a máa fà nínú àgbá, òun ni Maryvonne sì ti fi ń dí àwọn yòókù kún.

Wọ́n jọ wọ inú ihò. Baba ń tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Nínú àgbá mọ́kànlá, mẹ́jọ ti bàjẹ́. Maryvonne kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ àgbá. Baba fà á dìde, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé kò sí nǹkan.

Lọ́dún yẹn, kò sí ìgò kankan tó jẹ́ orúkọ Brossillet. Baba kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Maryvonne; Maryvonne fúnra rẹ̀ ló lọ fi í kọ́ ara ìlẹ̀kùn yàrá Baba.

Inú ọgbà àjàrà ló ti ń bá wa ṣiṣẹ́ báyìí. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òdòdó àjàrà bá tú òórùn, gbogbo wa a dúró díẹ̀. Maryvonne a wò wá lójú.

"Ó ti dé?"

"Ó ti dé."

A sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa so ẹ̀ka lọ.