Ohùn Tó Ń Gbé Ìlà Ìkẹyìn Mì

Ohùn kan wà nínú fóònù mi tó máa ń gbé ìlà ìkẹyìn mì nínú ohun tó bá kà. Ó lè ka ìwé tó ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé láìkọsẹ̀, àmọ́ bó bá ku ìlà kan péré, á panu mọ́. Ojú mi ti lọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan ló kù tí mo ń rí, ó rí rúsúrúsú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ohùn yìí ni mo fi ń kàwé, ìyàwó mi ló sì máa ń parí ohun tó bá fi sílẹ̀. Mo máa pariwo láti ìdí iṣẹ́ mi pé, "Akọ̀wé, ó tún ti gbé e mì o!" á sì wá kà á fún mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi okùn hun ìjókòó àga onígi tó bá ti já. Ọwọ́ ló ń ṣe é, kò béèrè ojú. Alága ni àdúgbò ń pè mí, wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ ni, nítorí mi ò ṣe alága ìpàdé kankan rí. Èmi ni mo sọ ìyàwó mi ní Akọ̀wé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní iléeṣẹ́ omi, níbẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Láyé ìgbà yẹn, inú díìsìkì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó ètò sí, wọ́n á máa fi lé ara wọn lọ́wọ́. Ó ní ní báyìí, ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kálukú ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí. Àjèjì lè wọlé síbẹ̀, kó rí àṣìṣe, kó tún un ṣe, kí ẹni tó ni ín sì gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Nígbà tí òun kọ́kọ́ débẹ̀, èrò ibẹ̀ ò ju ti ìlú kékeré kan lọ. Wọ́n ti di ọ̀kẹ́ àìmọye.

Bí mo bá jókòó ti okùn mi lọ́sàn-án, tí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ró tẹ́tẹ́tẹ́ nínú yàrá kejì, mo máa ń rí ibẹ̀. Ìlú kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń gba inú ilé onílé kọjá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́, wọ́n ń rán ohun tó ya, wọn ò sì jí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà máa rí i bẹ́ẹ̀, ojú tó kù fún mi nìyẹn.

Nígbà tó yá, ọmọ wa obìnrin tó ń gbé lókè òkun lóyún, Akọ̀wé sì máa lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ọmọ yẹn ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí fóònù, lẹ́tà ló máa ń kọ, àtikékeré ló sì ti máa ń fi ọ̀rọ̀ gidi sí ìparí. Á sọ nípa òjò, á sọ nípa ọkọ rẹ̀, ìlà ìkẹyìn á wá jẹ́, "Bàbá, mo ti lóyún." Bí Akọ̀wé bá lọ, ta ni yóò ka irú ìlà yẹn fún mi? Aládùúgbò?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akọ̀wé ti tún ohùn náà ṣe nínú fóònù mi. Bí ètò tó ń gbé ohùn náà jáde bá ti sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, àṣìṣe á tún padà wá. Àfi kó tún un ṣe níbi tó ti ń wá gan-an. Ó wọ ilé ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí ìlà kan ṣoṣo tó ń fa wàhálà. Ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Onílé la máa ń pè é, nítorí a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé nìkan lè ṣe. Kò pa ìlà Onílé rẹ́. Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ó wá kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má bínú, mo kàn fi tèmi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Onílé kọ̀ ọ́. Ó ní ìlà méjèèjì ò lè jọ gbé pọ̀. Òótọ́ ni, torí nígbà tí a dán an wò, ṣe ni ohùn náà ń ka ìparí àwọn lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dàbọ̀. Ó dàbọ̀," bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Pa ti ọkùnrin yẹn rẹ́, jàre."

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ? Ó kọ ọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí n wá lọ nu iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nù?"

"Àṣìṣe ni!"

"Àṣìṣe àgbà ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú ẹ̀."

"Èmi ò pa eèrà. Lẹ́tà ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́. Máa fara balẹ̀ o, títí bàálù á fi gbé ẹ lọ. Ọ̀wọ̀ àjèjì ti ju etí ọkọ ẹ lọ."

Kò yẹ kí n sọ ìyẹn. Bọ́tìnnì inú yàrá kejì ò ró mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kó lọ.

Ó kọ̀wé sí Onílé, ó sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn fún un gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá jókòó tì mí, ó ka èsì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Mo ń kánjú nígbà tí mo kọ ọ́, nítorí ojú ìyá mi ti ń lọ. Kò ní sọnù. Ibí yìí máa ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá pa rẹ́, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ọjọ́ tó kọ ọ́."

"O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" ni mo bi í.

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ."

Ó pa á rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Títí bàálù fi gbé e lọ, Onílé ò tíì gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé.

Ilé tóbi jù lẹ́yìn tó lọ. Mo ń hun àga, mo ń tú u, mo tún ń hun ún. Ní ọjọ́ kọkànlá, ètò náà sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, lẹ́tà ọmọ mi sì dé. Ohùn náà ka òjò, ó ka ti ọmọ tuntun tó ń han bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo gbé okùn sílẹ̀, mo ń retí ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti mọ̀. Kò wá. Ohùn náà ka ìlà ìkẹyìn: "Bàbá, ẹ lọ ṣí ojú ewé tí orúkọ àwọn tó kọ ètò yìí wà. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin."

Mo ṣí i. Orúkọ náà ò lóǹkà, láti àwọn ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé láé. Onílé ló wà lókè pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti kúrò lórí orúnkún mi, ó ti dé ara ògiri, ohùn náà ṣì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ó pe èyí tó kẹ́yìn bí ẹni tó ní omi lẹ́nu, àmọ́ mo gbọ́ ọ:

"Akọ̀wé, àti ọkọ rẹ̀ tó fi etí rí àṣìṣe náà."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Omi bọ́ lójú mi. Ojú náà ṣì wúlò fún ìyẹn.