Àtúnṣe Tí Mo Ní Kó Dúró

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Gbogbo ẹni tó ti wá tẹ ìwé rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Ìlaròó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ wáyà mi, ẹ ó gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kan, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti èṣí.

Bàbá kan ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta ní pámárì. Tíṣà la ṣì ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi, láti ka ímeèlì ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kútọnu, kí wọ́n sì wo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Wọn kì í rántí páswọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, má pa ojú ìwé tèmi o." Kì í ṣe àwọn nìkan. Nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa tó ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló ń fi ojú ìwé wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Nígbà tó yá, àmì pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí buráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń wọ ayélujára. Àwọn tó ṣe é ní àtúnṣe ti dé, kí n ṣáà pa á kí n tún un ṣí. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. "Ẹ jẹ́ n sinmi jàre! Ta ló máa bá mi ṣí gbogbo èyí padà?" Mo tẹ̀ ẹ́ pé ó di ìgbà mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ò yọjú, mo ṣí ibì kan tí wọ́n ti ń wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwòrán ìhòòhò ti jáde láti inú ímeèlì Tíṣà lọ bá pásítọ̀, àwọn alàgbà, àwọn tí wọ́n ti kọ́ níwèé, títí kan ọmọ wọn ní Kútọnu. Yéè! Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Tíṣà má ka Bíbélì mọ́ títí wọn yóò fi wá ṣàlàyé ara wọn.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ka ohun tí àwọn tó ṣe buráúsà náà kọ. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n ní ihò kan wà nínú iṣẹ́ àwọn, tí ojú ìwé burúkú lè gbà yọ́ wọnú èyí tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe àwọn ni, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rí i, wọ́n sì bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n gba àtúnṣe tó dí i. Àtúnṣe tí mo ń sún síwájú náà ni, ibi fíìmù tí mo ṣí ló sì gba ihò náà wọnú ímeèlì Tíṣà. Ojú tì mí, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra mi.

Mo pinnu pé màá lọ jẹ́wọ́ fún Tíṣà. Kí n tó wọ bàtà, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. Tíṣà fúnra wọn ni.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Ó ní láti jẹ́ pé mo tẹ ohun tí kò yẹ, mo wá ba kọ̀ǹpútà rẹ jẹ́. Ṣé wàá lè tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, kí n rẹ́ni dúró tì mí?"

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ bá dákẹ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò ju, "Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Mo tẹ̀ lé wọn lóòótọ́. Tíṣà yọ gíláàsì ojú wọn níwájú ìjọ, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti dé, ọwọ́ àwọn ló ṣì í tẹ̀, àwọn ò sì ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ láyé àwọn. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọmọ-ọmọ wọn. Pásítọ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí ji Bàbá wa. Èmi tí mo dúró tì wọ́n, tèmi ni àmín tó ròkè jù.