Ikàn Igbẹ́ tí Wọ́n Fín Pa De Àlejò

Sàbítìyù ni orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe mí níkà nínú ilé ọkọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ síta ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ní Èjìgbò, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ náà rí, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó dé, ọkọ mi ló jẹ́ nìyẹn. Ìbàdíàrán ni mo sọ ọ́. Ẹ káàárọ̀, Ìbàdíàrán. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìbàdíàrán. Ẹ wo orúkọ dáadáa tí mo fi ṣòfò.

Ẹ jókòó, kí n ròyìn ohun tójú mi rí fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí lórí Fesibúùkù yìí pé kí ló dé tí n kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Bàọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo rí igi kan lẹ́bàá odò ní oko ẹbí ọkọ mi, lọ́nà Isundunrin. Ikàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikàn ọjà. Kò ga kọjá orúnkún mi. Ẹ̀gún tó tẹ̀ bí èékánná ológbò wà lára igi rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ewé, kódà ó wà lára ife kékeré tó gbé èso dúró. Ẹ̀yìn ewé náà funfun, tí ẹ bá sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ẹ ó rí irun wínníwínní tó yà bí ìràwọ̀.

Òdòdó rẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ elése àlùkò, pẹ̀lú ọ̀pá márùn-ún láàárín tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Inú àwọn ọ̀pá yìí ni ìyẹ̀fun tí òdòdó fi ń bímọ wà, ihò bíńtín ló sì wà lórí wọn. Oyin tó bá fẹ́ ìyẹ̀fun náà gbọ́dọ̀ dì mọ́ òdòdó, kó máa gbọ̀n, kó máa kùn, kó tó dà jáde. Èso rẹ̀ kò ju kóró ẹ̀wà lọ. Bí kò bá tíì gbó, àwọ̀ ewé tútù ló ní, ó sì ní ilà funfun. Bó bá gbó, á pọ́n fòò. Mọ̀lẹ́bí ata, tòmátò, ògùmọ̀ àti tábà ni. Mo wá a dé ìlú Ola, n kò rí ìkejì rẹ̀ níbòmíì.

Mo já ẹ̀ka kan lọ́jọ́ náà, ewé nìkan, kí n lè fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gbé e sínú ilé ìdáná. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá ọkọ mi lẹ́yìn tó jẹ ọbẹ̀ tí mo sè. Ó bì, ó yàgbẹ́. Sàbítìyù lọ gbé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún náà, ó gbé e yí gbogbo agbo ilé ká. Ó ní ṣé wọ́n ti rí ohun tí tíṣà tí wọ́n fẹ́ wálé ń kó sínú ọbẹ̀. Ó ní ẹni tó kàwé ló mọ májèlé.

Mo ṣàlàyé títí. Ta ló gbọ́? Ọkọ mi ń wolẹ̀. Kí Ọlọ́run forí jì í, ilẹ̀ ló ń wò títí ó fi kú.

Ara Ìyá yá, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba orógùn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Bí wọ́n bá ń kómọ jáde, bó bá di Iléyá, omi ni wọ́n ń ní kí n pọn. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi ń se ọbẹ̀, èmi ń ṣan àwo. Títí Ìyá fi jáde láyé, kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé igi ló ṣẹ̀ mí? Mo ṣọ́ ọ ni. Nígbà tí kẹ́míkà apakoríko gbòde, mo bẹ Ràímì, àbúrò ọkọ mi tó ń dá oko náà, pé kó má fín ẹ̀bá odò. Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá Tíṣà, ẹ ò lè sè é, ẹ ò lè tà á, ó sì ń gún yín lọ́wọ́. Ìfẹ́ wo lẹ wá ń fẹ́ ẹ?" Síbẹ̀, kò fín in.

Láìpẹ́ yìí ni Bùkọ́lá, ọmọ tí mo kọ́, tó ti di ọ̀mọ̀wé nípa ewéko ní yunifásítì, rí fọ́tò igi náà lójú ìwé mi níbí. Ó pè mí kíá. Ó ní àwọn ti ń wá ìbátan ikàn tí àrùn tó ń mú ikàn rọ kò ní lè pa, pé ó lè jẹ́ òun nìyí, àfi kí òun fojú ara òun rí i, kí òun sì mú kóró tó gbó. A fi àdéhùn sí ìgbà tí èso bá ń pọ́n.

Kì í ṣe ti kóró ló mú inú mi dùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá dé, kó já ewé náà níwájú gbogbo ẹbí ọkọ mi, kí wọ́n fi ahọ́n kan án. Ó korò ju ewúro lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi í sínú ọbẹ̀ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ má mọ̀ ní òkèlè àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé n kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí n tó kú. Ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sàbítìyù ti darí dé nígbà yẹn láti Abíjàn, níbi tó ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti di Àlàájà, ó ń sọ Faransé sí ewúrẹ́. Ó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti yunifásítì. Ẹ sì mọ̀ wá níbí, a kì í jẹ́ kí àlejò bá koríko lójú ọ̀nà wa. Ó ní kí Ràímì fín ọ̀nà oko dé etí odò, kí wọ́n má sọ pé inú igbó ni wọ́n bí àwọn sí. Ràímì ní Màmá Tíṣà ti kìlọ̀. Sàbítìyù bi í pé ta ni ọmọ ilé, ta ni ìyàwó. Ràímì gbé kẹ́míkà kọ́ ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ewé ti ká kò bí ìwé tí iná jó. Èso rẹ̀ ti hunjọ, ilà funfun ṣì wà lára wọn.

Mo bá Sàbítìyù lórí àga níwájú ilé. "Voilà, ìyàwó," ó ní, "ṣé o rí bí ọ̀nà ṣe mọ́?"

"Ìbàdíàrán, igi ẹ̀bá odò yẹn ni àlejò ń bọ̀ wá wò."

"Ẹ̀gún yẹn? Ṣé ẹ̀gún lèèyàn ń ti yunifásítì wá kí? Èmi rò pé ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá kí."

Ṣé mo gbà á gbọ́? N kò gbà á gbọ́, n kò sì ní gbà á gbọ́ láé.

Bùkọ́lá dé, ó kúnlẹ̀ ti igi náà. Ó la èso kan, kóró inú rẹ̀ rọ̀, ó funfun. "Wọn ò tíì gbó, mà," ó ní. Ó kó díẹ̀ sínú bébà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò ní ìrètí. Kò sì sí ewé tí ẹnikẹ́ni lè fi ahọ́n kàn mọ́, kẹ́míkà ti bà á jẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n fún un ní míńírà, wọ́n kí i kú ìrìnàjò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ má fi í sórí ilẹ̀ tí ẹ kò láṣẹ lé lórí. Ẹ hú u, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò. Ẹ má sì dúró de ẹlẹ́rìí títí irun orí yín fi funfun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gba orógùn lọ́wọ́ yín, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí n kà á. Ẹ dá orúkọ wọn, ẹ má fi pamọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo ń fọ ife lẹ́yìnkùlé, Sàbítìyù rọra wá bá mi níbẹ̀. Kò jókòó. Ó ní:

"Ìyàwó, a ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Nígbà tí inú tún run Ìyá, o ò sí nílé. Ṣùgbọ́n Ìyá ti kú. Ta lo wá fẹ́ ká lọ sọ fún?"